Bí Abẹ́rẹ́ Wúràọlá Bá Dúró

Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó lórí páálí yẹn. Ìwé ló wà nínú rẹ̀, kò ní fọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀, àwa náà ti sọ ọ́ di àga, orí rẹ̀ ni mo máa ń gbé abọ́ ẹ̀kọ mi lé láàárọ̀. Káyọ̀dé, sún fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá Bíọ́lá, ẹ kú ìjókòó. Mo rí i pé ẹ gbé ẹ̀gúsí yín dání. Ẹ máa bó o lọ, kò dí mi lọ́wọ́. Kódà, inú mi dùn pé ẹ gbé e wá, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Mo mọ̀ pé àgbàdo sísun ni mo fi pè yín. Àgbàdo ń bẹ, ó wà lórí iná lẹ́yìnkùlé. Àmọ́ àgbà tó bá ń fi àgbàdo pe ọmọdé lọ́sàn-án Sátidé, nǹkan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn wà nínú yàrá yẹn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bọ́sẹ̀dé ni, ọmọ ọmọ mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Òun náà ló kọ ìwé tí ẹ jókòó lé.

Ẹ má bínú, ẹ má dìde. Kò tíì tó àkókò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìwé ṣe ń di ìwé ní Adó yìí nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Ìlá níbí yìí, tí ẹ máa ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé ọ̀gá mi wà. Ilé alámọ̀ ni, páànù ló wà lórí rẹ̀. Bí òjò bá dé, a ò ní gbọ́ ohùn ara wa mọ́, ọwọ́ la fi máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ wa kò lo iná mànàmáná. Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ bíi ti aránṣọ, ó sì ní ohùn tirẹ̀: gbì-kàṣà, gbì-kàṣà, láti àárọ̀ títí wọn ó fi lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́. Títí dòní, bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Lẹ́tà òjé la ń lò. Wọ́n wà nínú àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní ojúlé kéékèèké, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tirẹ̀, ọwọ́ mi sì mọ ojúlé wọn ju bí ẹsẹ̀ mi ṣe mọ ọ̀nà oko lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Òdì la sì ń kà wọ́n, torí pé bí lẹ́tà ṣe wà lójú òjé kọ́ ló ṣe ń hàn lórí pépà. Ojú ìwé kan lè gba odidi ọ̀sán. Bí ìrọ̀lẹ́ bá tó, kẹrosíìnì la fi ń fọ ọwọ́ kí a tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, bí mo bá sì ti fẹ́ ki ọwọ́ bọ iyán, kẹrosíìnì ni imú mi kọ́kọ́ ń gbọ́. Mo rò pé gbogbo iyán ayé ló ń rùn báyẹn, àfi ìgbà tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ní àsìkò ìkórè kan, ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé, ó jẹ ẹ̀yìn ìwé orin bíi ogún, nítorí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a fi lẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá mi lé e dé ìdajì ọ̀nà Ọjà Ọba. Ewúrẹ́ bọ́, ọ̀gá mi ló ṣubú. A rẹ́rìn-ín sínú ni o, torí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín síta, pàṣán ń dúró dè é.

Àwọn obìnrin ló ń rán ìwé pọ̀ lẹ́yìn ilé. Wúràọlá, ọmọ Ìgèdè, ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú wọn. Á fi àbẹ́là ra òwú kó lè máa yọ̀, á gún pépà, á fà á, kò ní wojú abẹ́rẹ́ rárá. Àfẹ́sọ́nà mi ni nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ló di ìyàwó ilé, ló di ìyá ọmọ, ló di ìyá àgbà fún Bọ́sẹ̀dé. Ìwé tó fi ọwọ́ rẹ̀ rán láyé á kún ilé yìí dé àjà. Kò sì lè ka ẹyọ kan nínú wọn, nítorí wọn ò rán an ní ilé ìwé. Ẹ fọkàn sí i o, ohun tó jẹ́ kó wúlò fún wa jù nìyẹn.

Ọ̀gá mi ní òfin kan tí kò jẹ́ yẹ̀. Bí a bá ti to ìwé tán, tí a ti tẹ ẹyọ kan ṣoṣo jáde, yóò ránṣẹ́ pe ẹni tó kọ ọ́. Olúwarẹ̀ á jókòó lórí àpótí láàárín ilé, á ka ìwé rẹ̀ sókè fún gbogbo wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ì báà gba ọjọ́ méjì. Télọ̀ òdìkejì á gbé aṣọ tó ń rán wá. Ìyá ẹlẹ́kọ á sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá ìjọ tó wá gba ìwé ètò ìsìn náà á jókòó, á ní òun fẹ́ sinmi ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi ní ẹni tó bá jókòó lásán lè máa fojú gbọ́, kí ọkàn rẹ̀ ti dé oko.

Ọwọ́ Wúràọlá ló sì máa ń wò. Bí abẹ́rẹ́ bá ń lọ sókè sódò láìdúró, á ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ mú apá ibí yìí lọ sílé, ẹ tún un wò." Àwọn kan a máa bínú. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tó ti fi ọdún méjì kọ ọ́, omi á lé sí wọn lójú. Àmọ́ bí abẹ́rẹ́ bá dúró, tí Wúràọlá gbé orí sókè, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wá ṣe obìnrin náà?", ó ti parí. Ọ̀gá mi á ní ká gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ibẹ̀ náà ni ìwé ti ń rí ọjà. Kí ẹ̀rọ tó dákẹ́, ìyá ẹlẹ́kọ ti gbé ìtàn náà dé Ọjà Ọba, télọ̀ ti sọ ọ́ fún àwọn tó wá wọn aṣọ. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín ìkéde ìgbéyàwó àti ti ewúrẹ́ tó sọnù. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá gbé ìwé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìyìn, yóò bá a pé wọ́n ti ń dúró dè é, nítorí wọ́n ti gbọ́ ìdajì ìtàn, wọ́n fẹ́ mọ ìyókù. Mi ò sọ pé ìgbà yẹn dùn tán o. Pépà ń wọ́n, ọ̀nà ò dára, ẹlòmíràn kú kí ìwé rẹ̀ tó jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó ń dá nìkan jáde síta.

Ẹ wá wo ti òde òní. Orí fóònù ni Bọ́sẹ̀dé ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò fojú rí rí. Atẹ̀wé náà kì í tẹ díẹ̀, ó ní àfi tó bá pọ̀. Páálí mẹ́jọ ló dé ní ibùdókọ̀. Ọmọ náà ń fò sókè, èmi náà ń jó lórí ọ̀pá mi. Ó gbé ẹyọ mẹ́wàá lọ sí àwọn ilé ìtàwé ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ọ̀kan ní ìwé ìdánwò ni òun ń tà. Èkejì ní ìwé àdúrà òwúrọ̀ ló ń lọ. Ẹ̀kẹta gba ẹyọ méjì, ó tò wọ́n sẹ́yìn páálí bisikíìtì. Ó lọ sí ilé ìwé kan, ọ̀gá ibẹ̀ ní ìwé tí ìjọba kò bá fọwọ́ sí, òun ò lè jẹ́ kó wọ kíláàsì. Ó bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀, wọ́n ní ṣé ìwé ẹ̀mí ni. Ó ní ìtàn ìyá àgbà òun ni. Wọ́n ní Olúwa á tún fún un ní ọgbọ́n.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó gbé àwòrán ìwé sí orí fóònù, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, ọwọ́ yẹ́lò-yẹ́lò báyìí, ó kún ojú fóònù. "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun." "A yọ̀ fún yín." Ẹnu dùn-ún rofọ́. Bó bá ní kí wọ́n wá mú ìwé, wọ́n á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní fún wa ní tiwa ni?" Ọkùnrin kan ya fọ́tò ojú ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó pín in fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn, ó wá tún pè é pé òun bá a polówó. Ẹlòmíràn ní àfi kó máa jó níwájú fóònù kí ayé tó lè rí i. Ọmọ mi kò mọ ijó. Ó jókòó síwájú fóònù, ó kàwé díẹ̀, ó gbé e síta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹni méje ló ti wò ó. Káyọ̀dé, má rẹ́rìn-ín, èmi ni mẹ́ta nínú wọn, ìwọ lo bá mi tẹ̀ ẹ́.

Mi ò bú yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bọ́sẹ̀dé ń rẹ́rìn-ín, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Èmi ni mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tó mú ìwé àjákọ aláwọ̀ búlúù kan, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Ìtàn kejì tó ti ń kọ ló wà nínú rẹ̀, ó ti kọ ọ́ dé ìdajì. Mo ní, "Bọ́sẹ̀dé, o ò kọ̀wé lónìí?"

Ó ní, "Ó di lọ́la, Bàbá."

N ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ óò ní kí ló wà nínú lọ́la tó fi ba àgbàlagbà lẹ́rù. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ń wò fún yín yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè. Wúràọlá nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì gbé e wọ ilẹ̀ lọ.

Tíṣà kan wà nígbà náà, Tíṣà Oníkẹ̀kẹ́ la ń pè é, nítorí kò sí ibi tí kò gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbóhùn sókè, ó máa ń kí wa tọmọdé tàgbà. Ó kọ ìtàn àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àjàyí. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ọ́, lórí pépà tó fà ya nínú ìwé àjákọ. Orí kọ̀ọ̀kan ní àkọlé, ṣùgbọ́n kò fi nọ́ńbà sí orí tàbí sí ojú ìwé kankan. Èmi ni ọ̀gá mi gbé e fún láti tò. Ó ku oṣù kan kí n gba ìdáǹdè lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, lẹ́yìn náà la ó ṣe ìdána èmi àti Wúràọlá. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi dágbére ni.

Ìkórè ló wọlé dé. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Adó ló fẹ́ ìwé ètò ìsìn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn bàbá ìjọ ń jà lẹ́nu ọ̀nà wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá dé pẹ̀lú ìjì, fèrèsé já, atẹ́gùn kó pépà Tíṣà kúrò lórí tábìlì mi, ó fọ́n wọn ká ilẹ̀. Mo ṣà wọ́n wéréwéré, òmíràn ti tutù. Mo tò wọ́n bí mo ṣe rò pé wọ́n rí. Wúràọlá bá mi mú méjì lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní, "Ṣé bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò wò ó dáadáa. Iṣẹ́ pọ̀, ọ̀gá mi ń pariwo.

Nígbà tí mo to ìwé náà tán, ó yẹ kí a pe Tíṣà wá kà á. Ọ̀gá mi wo òkìtì iṣẹ́ ìkórè nílẹ̀, ó ní, "Tíṣà ni ẹni yẹn, ó mọ ohun tó kọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó yẹ òfin rẹ̀ nìyẹn. Wúràọlá rán gbogbo rẹ̀ pátá. Ká ní wọ́n kà á sókè ni, òun tí kò mọ̀wé gan-an ni ì bá kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti dàrú.

Ọjọ́ ìkójáde ìwé, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún dé ẹnu ọ̀nà. Tíṣà wọ kóòtù. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ tuntun dání. Wọ́n ní kí ọ̀gá àgbà ilé ìwé kan kà nínú rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn, ó sì yan ibi tí Àjàyí ti kú. Ohùn bàbá náà dára. Ó kà á bí wọ́n ṣe wẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe sin ín, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe jókòó ti ààrò tí kò níná. Àwọn obìnrin ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn nu ojú. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó ń kà á lọ láìfura: "Àjàyí fà mọ́ iná, ó ń ha iṣu sísun, ó ní, 'Ìyàwó mi, gbé epo wá.'"

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn pé, "Òkú jí o! Ẹ fún un lépo!"

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Ọ̀gá àgbà ṣí ìwé síwá sẹ́yìn, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi wà nídìí ògiri pẹ̀lú páálí ìwé. Mo wo Tíṣà. Òun náà ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ìwé tí wọ́n mú lọ lọ́jọ́ náà kò tó nǹkan, àwọn tó sì mú un, ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ lọ fi rín nílé. Láti ọjọ́ náà, bí Tíṣà bá ti ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, wọ́n á ní, "Tíṣà, Àjàyí ní kẹ́ ẹ gbé epo wá o."

Ní ọjọ́ Ajé, ó wá sí ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá mi ti lọ ra pépà ní Ìbàdàn. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe wá rí báyìí?"

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Mo rí ìdáǹdè mi níwájú, mo rí ìdána, mo rí pàṣán ọ̀gá mi. Mo lọ mú pépà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, bí mo ṣe tò ó lọ́jọ́ òjò, mo nà án sí i. Mo ní, "Bí ẹ ṣe kó wọn wá ni mo ṣe tò wọ́n, sà."

Ó ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Háà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi." Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ mi o, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n bá òun kí ọ̀gá. Kò gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó ń tì í.

Wúràọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "O ò sọ fún un."

Mo ní, "Lọ́la ni mà á lọ."

Káyọ̀dé, kí lo wí? Ṣé mi ò wá lọ ni? N ò lọ. Lọ́la di ọ̀sẹ̀, ó di ọdún. Mo gba ìdáǹdè, mo gbé ìyàwó, mo bímọ. Ní ọjọ́ kan mo ra ẹ̀pà ní Ọjà Ọba, mo tú u, mo rí i pé ojú ìwé tí mo fi ọwọ́ mi tò ni wọ́n fi pọ́n ọn. Mo mọ̀ ọ́n, torí lẹ́tà kan wà nínú àpótí mi tí ìrù rẹ̀ kán, ó sì wà níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́pà ní ìyàwó Tíṣà ló kó o wá, ikán ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í bóyá Tíṣà ṣì ń kọ̀wé. Ó ní, "Ùwé kẹ̀? Ó ní orí òun ò pé tó ti ẹni tó ń kọ̀wé." Wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ilé ìwé kan ní ọ̀nà Ìjerò lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló sì kú sí. Mo lọ síbi òkú. Mo jẹun níbẹ̀. Mo dákẹ́.

Irọ́ ń lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ. Wúràọlá kò tú mi fó rí, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, Lọ́la ló ń pè mí. "Lọ́la, wá jẹun." "Lọ́la, ojú ń ro mí, mú mi lọ sí ọsibítù." Àwọn ọmọ rò pé orúkọ ìfẹ́ ni. Èmi náà jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Bọ́sẹ̀dé, mo mọ̀ pé ò ń gbọ́ mi láti inú yàrá yẹn. O kọ ọ́ sí orí kẹta ìwé rẹ pé ìyá àgbà ń pè mí ní Lọ́la nítorí pé mo ṣèlérí ọjọ́ ọ̀la tó dára fún un. Mo sunkún nígbà tí mo kà á. Ọmọ mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Ojo ló ń pè mí. Tíṣà rò pé ọwọ́ òun ló ba ìwé òun jẹ́, nígbà tó jẹ́ ọwọ́ tèmi ni, ó sì fi kíkọ sílẹ̀ títí ó fi kú. Ìwọ náà ń rò pé ìwé rẹ kò dára, torí ó wà nínú páálí. Ta ló ti gbọ́ ọ? Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́, ta ló lè sọ pé kò dùn? Mo ti fi ojú mi tí kò ríran dáadáa mọ́ yìí wo ojú ìwé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò ó. Ó tò. Kò sí òkú tó jí níbẹ̀.

Ìyá Bíọ́lá, ẹ ní ṣé ùwé ọmọ náà dùn? N ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Bàbá àgbà rẹ̀ ni mí, ẹnu mi kò ṣe é gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wúràọlá ni ì bá mọ̀, Wúràọlá kò sì sí mọ́. Ó lè má dùn o. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyẹn. Mo lè pe gbogbo yín jókòó báyìí kí ẹ wá dójú tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, kó mú ìwé àjákọ búlúù yẹn ju sínú iná àgbàdo. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún ní ó di lọ́la, mo mọ ibi tí lọ́la ń gbé ìwé lọ.

Ẹ gbọ́, ilẹ̀kùn ti ń dún. Ẹ má wo ọ̀hún, ẹ má jẹ́ kí ojú tì í.

Káyọ̀dé, dìde lórí páálí. Já okùn tí wọ́n fi dì í, mú ẹyọ kan jáde, fi fóònù yẹn sápò. Bọ́sẹ̀dé, wá jókòó síbí, níbi tí páálí wà. Má nu ojú mọ́, gbogbo wa la ti rí i. Kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, kà á sókè, má sáré. Bí o bá dé orí kẹta, kà á bí o ṣe kọ ọ́. A ó tún ibẹ̀ ṣe nígbà tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń dirun, kó máa dirun. Ìyá Bíọ́lá, ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín. Àgbàdo á dúró. N ò ní wo ojú yín, torí ojú máa ń ṣe ojú ayé. Ọwọ́ yín ni mà á máa wò.